Gàárì ẹṣin àtijọ́ lẹ́yìn ẹṣin tuntun: bí mo ṣe tún tìmùtìmù abẹ́ rẹ̀ ki

Gàárì òyìnbó ni, irú èyí tí àwọn tó ń gbá pólò máa ń lò. Awọ rẹ̀ ṣì lágbára, ìjókòó rẹ̀ kò ya. Ẹṣin tí wọ́n ń dì í sí lẹ́yìn tẹ́lẹ̀ ti kú. Ẹṣin ńlá nìyẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Èyí tí Alhaji tó ni gàárì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rà bọ̀ láti òkè Ọya yàtọ̀ pátápátá: èjìká rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, gegele tó wà níbi tí ọrùn ti pàdé ẹ̀yìn yọ ṣóńṣó sókè, àárín ẹ̀yìn rẹ̀ sì tẹ̀ wọnú díẹ̀. Wọ́n di gàárì sí i, wọ́n gùn ún láti Ìbàrà dé Kútọ̀. Nígbà tí wọ́n máa tú gàárì, irun ti bó lórí gegele náà. Ni wọ́n bá gbé e tọ̀ mí wá ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Láfẹ́nwá.

Bàtà àti báàgì ni mo fi ń jẹun. Gàárì kì í ṣe ohun tó ń wọlé lójoojúmọ́ ní Abẹ́òkúta, nítorí àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri kò jẹ́ kí ẹṣin gbilẹ̀ nílẹ̀ igbó láti ayébáyé. Èyí tí a bá rí, ti ọlọ́lá ni, ti ọjọ́ òde ni. Ibi tí ẹṣin kò bá ti pọ̀, kò sí bí oníṣẹ́ gàárì ṣe máa pọ̀ níbẹ̀. Ṣobàtà ni wọ́n ń gbé e wá bá. Mo ti tún mélòó kan ṣe, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju bàtà lọ, torí pé ẹṣin kì í purọ́ fún oníṣẹ́. Oníbàtà lè ní kò há mi, nítorí ó fẹ́ràn àwọ̀ rẹ̀.

Ohun tí Alhaji wí nígbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀ ni pé, "Ṣé o rí i, bá mi ki òwú sí i kó kún bámúbámú, kó lè gbé ara rẹ̀ sókè."

Mo ní, "Alhaji, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí ẹṣin náà."

Bí gbogbo ènìyàn ṣe ń rò ó nìyẹn: gàárì tó bá ń dá ẹṣin lápá, kò kún tó ni. Kíkún kọ́ ni gàárì ń fẹ́. Tìmùtìmù tó kún jù le bí òkúta, kìkì ibi tó yọ jù lára rẹ̀ ló máa kan ẹṣin, gbogbo ìwúwo ẹni tó jókòó á sì kó sórí ibẹ̀. Ibi kan wà tó yẹ kó kún, ibi kan wà tó yẹ kó rọlẹ̀, ara ẹṣin ló sì máa sọ èwo ni èwo.

Igi ni mo kọ́kọ́ wò

Gàárì irú èyí ní igi nínú. Pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn ni, tí wọ́n fi irin gbà, ìrísí rẹ̀ kì í sì í yí padà. Orí igi yìí ni wọ́n na awọ ìjókòó lé. Lábẹ́ rẹ̀ ni tìmùtìmù méjì wà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, awọ ni wọ́n fi rán wọn, irun àgùntàn ni wọ́n ki sínú wọn. Àwọn ló ń kan ẹṣin lára. Ọ̀nà gbọọrọ kan wà láàárín àwọn méjèèjì tí eegun ẹ̀yìn ẹṣin ń gbà kọjá láìsí ohun tó fọwọ́ kàn án. Ó yẹ kí ọ̀nà náà gba ìka mẹ́ta sí mẹ́rin láti iwájú títí dé ẹ̀yìn.

Bí igi bá há ju èjìká ẹṣin lọ, iṣẹ́ ti parí nìyẹn, kò sí òwú tó lè tún un ṣe. Ẹni tí bàtà há mọ́ lẹ́sẹ̀ tó tún wá wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì, ẹ mọ ohun tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ máa rí. Gàárì mìíràn ni kí olúwarẹ̀ lọ wá. Ṣùgbọ́n bí igi bá fẹ̀ ju ẹṣin lọ díẹ̀, tìmùtìmù lè dí àlàfo náà. Díẹ̀ ni mo wí o. Èyí tó bá fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ máa jókòó lórí gegele ni, òwú yòówù kí a ki sí i.

Mo fi ẹ̀yìn gàárì ti itan mi, mo fi ọwọ́ méjèèjì fa iwájú rẹ̀ mọ́ra. Igi tó ti sán máa ń ké, tàbí kó mì níbi tí kò yẹ kó ti mì. Èyí kò ké, kò mì. Mo yí i padà, mo wọn ẹsẹ̀ igi méjèèjì tó wà níwájú sí ìṣó tó wà láàárín: ọgbọọgba ni wọ́n. Ọkàn mi balẹ̀, mo sọ fún Alhaji pé a lè ṣe é.

Wíwọn ẹṣin

Ẹṣin gbọ́dọ̀ dúró lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kó gbé orí rẹ̀ tọ́, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lábẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ilẹ̀ títẹ́jú wá di iṣẹ́, nínú ìlú tó jẹ́ pé bí o bá ti kúrò lórí àpáta, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lo máa bọ́ sí. Iwájú gáréèjì Alhaji ní Ìbàrà, níbi tí wọ́n rẹ́ ní sìmẹ́ńtì, la dá a dúró sí. Mállàm tó ń tọ́jú rẹ̀, ọmọ Sábó ni, ló di ìjánu mú.

Wáyà iná tó nípọn ni mo lò, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná ń fà láti mítà wọlé. Bí a bá ṣe tẹ̀ ẹ́ náà ló máa dúró. Mo fi ọwọ́ wá eegun pátákó èjìká, mo fi ẹfun sàmì sí etí rẹ̀ lẹ́yìn. Ẹṣin dúdú ni, ẹfun náà hàn ketekete. Eegun yìí máa ń sún sẹ́yìn nígbàkígbà tí ẹṣin bá na ẹsẹ̀ iwájú, nítorí náà ẹsẹ̀ igi gàárì kò gbọ́dọ̀ gùn ún. Ìka méjì lẹ́yìn àmì yẹn ni mo ti tẹ wáyà mọ́ ọn lára, láti ẹ̀gbẹ́ kan kọjá lórí gegele bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, mo sì fi pẹ́ńsù ya á sórí páálí. Mo tún wọn ibi tí ẹ̀yìn tẹ̀ jù. Lẹ́yìn náà mo wá eegun ìhà tó kẹ́yìn. Méjìdínlógún (18) ni eegun ìhà ẹṣin lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, gàárì kò sì gbọ́dọ̀ kọjá èyí tó gbẹ̀yìn, torí láti ibẹ̀ lọ, kò sí ìhà tó ń bá eegun ẹ̀yìn gbé ẹrù. Ìwọ̀n kan ṣoṣo ló gùn, èyí tó tẹ̀ lé ẹ̀gbẹ́ eegun ẹ̀yìn láti gegele dé ibẹ̀.

Mállàm ló kọ́kọ́ rí nǹkan kan. Ó dúró lẹ́yìn ẹṣin, ó wo èjìká rẹ̀ láti òkè àga, ó ní, "Ọ̀gá, apá òsì yìí pọ̀ ju ọ̀tún lọ." Òótọ́ ni. Nígbà tí mo ká páálí sí méjì, ìlà ọ̀tún kò bá ti òsì mu. Ẹran èjìká òsì yọ tó ìbú ọmọ ìka. Ẹṣin tó rí bẹ́ẹ̀ pọ̀. Èjìká tó tóbi ló ń ti gàárì lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹni tó gùn ún á wá máa rò pé òun lòun kò mọ̀ ọ́n jókòó.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo ní kí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun fẹ́lẹ́ kan sí ẹ̀yìn ẹṣin, kí wọ́n di gàárì lé e, kí Mállàm gùn ún yí ọgbà ká títí tó fi làágùn. Eruku àti òógùn ló máa ń kọ̀wé sórí aṣọ yẹn. Ohun tí mo rí níbẹ̀: àbàwọ́n dúdú méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, àárín mọ́ tónítóní. Gàárì ń tẹ iwájú, ó ń tẹ ẹ̀yìn, àárín wà lófuurufú. Lórí gegele náà, ìka kan ló kọjá lábẹ́ gàárì nígbà tí Mállàm wà lórí rẹ̀. Ìka méjì sí mẹ́ta ló yẹ kó kọjá.

Inú tìmùtìmù

Mo ya fọ́tò gbogbo ojú okùn kí n tó gé ọ̀kankan. Ẹ̀yìn ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo gé okùn tó so tìmùtìmù mọ́ igi, mo wá sí iwájú, mo yọ ọ́ kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ igi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí àpò awọ tó wọ ẹsẹ̀ igi náà má ya. Ojú tí a ń gbà ki nǹkan sínú rẹ̀ wà lókè, lápá tó kọjú sí igi, kì í ṣe lápá tó kan ẹṣin. Ìyẹn dára, torí kò sí ìdí láti fi ọ̀bẹ kan awọ tó ń fara kan ẹran.

Irun àgùntàn tó wà nínú rẹ̀ ti di kókó. Àwọn kan le tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbọ́ ìró wọn nígbà tí mo jù wọ́n sórí tábìlì. Lápá ọ̀tún níwájú, ẹnì kan tó ti tún un ṣe rí ti ki fóòmù àti àkísà àǹkárá aláwọ̀ ewé mọ́ ọn. Fóòmù náà ti di ìyẹ̀fun, àkísà náà ti ká jọ bí ìka ọwọ́. Mo gbé àkísà yẹn fún Alhaji. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Irun funfun tó wà léjìká ẹṣin mi àtijọ́ nìyí." Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́: ibi tí nǹkan bá ti ń tẹ awọ ẹṣin títí, gbòǹgbò irun ibẹ̀ á bàjẹ́, funfun ni irun tó máa tún hù.

Mo tú èyí tó ṣì dára nínú irun náà, mo fi ìyàrun onírin yà á, mo sá a sórí ẹní lórí òrùn. Bí òórùn òógùn ẹṣin ṣe gba ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà kan tó wá gba bàtà ìgbéyàwó rẹ̀ kò lè dúró wọ̀ ọ́ wò. Èyí tí mo rí kó jọ kò tó nǹkan.

Ibí yìí ni wàhálà gidi wà fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí nílẹ̀ wa. Àgùntàn tiwa kò ní irun tí a ń wá. Irun kúkúrú tó lẹ̀ mọ́ ara bíi ti ewúrẹ́ ni wọ́n ní, yálà ti ilé wa ni o tàbí èyí tí wọ́n ń kó bọ̀ láti òkè Ọya fún Iléyá. Irun gígùn tó ń ká, tó sì ń padà sókè bí a bá tẹ̀ ẹ́, kò sí lára wọn. Òwú àràbà ni àwọn àgbà fi ń ki ìrọ̀rí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nínú ìrọ̀rí: ó fúyẹ́, omi kì í tètè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ìwúwo bá pẹ́ lórí rẹ̀, ṣe ló máa ń fọ́ wẹ́wẹ́, á wọlẹ̀, kò sì ní padà sókè mọ́. Ẹnì kan tó ń ran ìjókòó mọ́tò ládùúgbò ní kí n ki fóòmù sí i, ká lọ sílé. Fóòmù tó wà nílẹ̀ yẹn ti dá a lóhùn: ooru wa yìí àti òógùn ẹṣin kì í jẹ́ kó pẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tọ́jú ẹṣin pólò n'Íbàdàn ló yọ mí. Ó fi àpò kan rán dẹ́ráfà sí mi, irun àgùntàn òyìnbó tí wọ́n tú nínú gàárì tí igi rẹ̀ ti ṣẹ́. Mo yà á, mo pò ó mọ́ tàtijọ́. Mo pín gbogbo rẹ̀ sí ọ̀nà méjì lórí ìwọ̀n tí ìyá oníyẹ̀fun èlùbọ́ yá mi, kí n lè máa mọ iye tó ń wọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Kíki

Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ki í kò sí lọ́jà. Wẹ́dà kan nítòsí bá mi fi irin 10mm ṣe é: ó gùn tó apá, ẹnu rẹ̀ tẹ́ pẹlẹbẹ, ó ní ẹ̀là kékeré tó ń di irun mú. Mo fi sáńdípépà ha etí rẹ̀ títí kò fi lè gé ohunkóhun. Irin tí etí rẹ̀ mú máa lu awọ jáde lápá kejì kí o tó mọ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ̀kúnwọ́ ńlá tí a bá tì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà ló ń di kókó lọ́la. Èyí tó tó ohun tí ìka mẹ́ta lè mú ni mo ń fi wọlé, mo ń tì í dé ìpẹ̀kun, mo ń tẹ́ ẹ, kí n tó mú òmíràn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ mo máa fi àtàǹpàkò tẹ awọ láti ìta. Ó gbọ́dọ̀ rì díẹ̀, kó sì padà. Bí ó bá rì tí kò padà, kò tó. Bí kò bá rì rárá, ó ti pọ̀ jù.

Iwájú: mo gbé e sókè kí gàárì lè kúrò lórí gegele, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún gba jù òsì lọ, kí èjìká òsì tó yọ yẹn lè rí ààyè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fẹ́ kí ọ̀tún àti òsì dọ́gba. Bí ẹṣin kò bá dọ́gba, gàárì tó dọ́gba ló máa yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Àárín: ibí ló jẹ irun jù, torí kòtò ẹ̀yìn ẹṣin ló ń kún. Mo ń gbé páálí tí mo gé ní ìrísí ẹ̀yìn rẹ̀ sí abẹ́ tìmùtìmù léraléra, mo ń wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ. Ẹ̀yìn: mo yọ kúrò níbẹ̀ ni, n kò fi kún un. Nígbà tí mo parí, mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo fi hámà onígi lù ú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ káàkiri, kí gbogbo rẹ̀ lè tẹ́.

Rírán an padà kò ní ìtàn púpọ̀. Òwú náílọ́ọ̀nù mẹ́ta tí mo lọ́ pọ̀ ni, mo fi ìda oyin pa á dáadáa. Ihò àtijọ́ náà ni mo gbà, n kò fi òòlu lu tuntun. Náílọ́ọ̀nù lágbára ju awọ lọ, ẹni tó bá fi ẹ̀mú fà á jù, òwú á la awọ bí ọ̀bẹ.

Lórí ẹṣin

A kọ́kọ́ gbé e lé ẹ̀yìn ẹṣin láìtẹ́ nǹkan sábẹ́ rẹ̀. Mo ti ọwọ́ mi bọ abẹ́ rẹ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn: ó ń kan àtẹ́lẹwọ́ mi bákan náà títí, àfi iwájú lósì tó ṣì fún ìka mi. Mo gbé e padà lọ ṣọ́ọ̀bù, mo tú ojú kan ṣoṣo, mo yọ irun díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí a tún fi aṣọ funfun dán an wò, àbàwọ́n rẹ̀ gùn láti iwájú dé ẹ̀yìn lápá méjèèjì, ọ̀nà àárín sì funfun gbọọrọ. Ìka méjì àti ààbọ̀ kọjá lórí gegele pẹ̀lú Mállàm lókè.

Inú Alhaji dùn, ni wọ́n bá ní kí Mállàm lọ gbé aṣọ ẹ̀ṣọ́ wá. Ìdílé Balógun ní Ìjẹ̀bú-Òde ni ìyá wọn ti wá, wọ́n sì fẹ́ gun ẹṣin yìí jáde ní Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá. Aṣọ tí Mállàm gbé dé: fẹ́lífẹ́ẹ̀tì, abẹ́ rẹ̀ kànìnkànìn, lórí èyí tún ni awọ tí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sì máa ń tẹ́ sí abẹ́ gàárì.

Mo ní, "Alhaji, tí gbogbo èyí bá wọ abẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ tí a ṣe ti wọmi. Gàárì á há, á sì ga lórí ẹṣin, ìgbà tí ìbọn bá dún tó bá fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, á yí."

Mállàm kò gbà. Gàárì Àwúsá tí òun mọ̀, tí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ ga, orí aṣọ tí wọ́n ká nípọn ni wọ́n ń gbé e lé, kò sì sí wàhálà. Òótọ́ ló sọ nípa gàárì yẹn, torí aṣọ tí wọ́n ká ni tìmùtìmù tirẹ̀. Èyí ti ní tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. A jiyàn títí, Alhaji ń rẹ́rìn-ín. Níkẹyìn a gbà pé aṣọ fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo ló máa wọ abẹ́ rẹ̀. Mo gé àárín fẹ́lífẹ́ẹ̀tì náà kúrò ní ìrísí tìmùtìmù, mo gbá etí rẹ̀, mo so ó mọ́ àwọn òrùka gàárì níwájú àti lẹ́yìn. Ó ń ṣọlá bọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì sí èyí tó kan ẹ̀yìn ẹṣin.

Irun tuntun máa wọlẹ̀ bí wọ́n bá ṣe ń gùn ún, iwájú ló sì ń kọ́kọ́ wọlẹ̀. Mo ti fi han Mállàm bó ṣe máa fi ìka wọn orí gegele ní gbogbo ìgbà tó bá di gàárì; bí ìka méjì kò bá kọjá mọ́, kó gbé e wá. Ẹṣin náà fúnra rẹ̀ kò tíì dúró. Ó rù nígbà tó dé, dùsà àti ewé ẹ̀pà gbígbẹ tó ń jẹ báyìí á mú un sanra, èjìká rẹ̀ á fẹ̀ sí i, a ó sì máa yọ irun kúrò nígbà náà. Mo kọ oṣù àti apá ọ̀tún àti òsì sára àwọn páálí náà, mo so wọ́n kọ́ sí ògiri.

Ohun tó kù ni bẹ́líìtì mẹ́ta tí wọ́n ń so ọ̀já gàárì mọ́ lápá òsì. Alhaji kò gbé ìyẹn wá fún àtúnṣe, ṣùgbọ́n ihò wọn ti ya di gbọọrọ, ọ̀kan ti ń là. Awọ màlúù tó nípọn ni mo gé tuntun, mo fi òwú ìlọ́po méjì rán wọn mọ́ ọn, mo sì lu ihò wọn ní sẹ̀ǹtímítà méjì-méjì síra. N kò gba owó iṣẹ́ lórí ìyẹn, owó awọ nìkan ni mo gbà.